Bí Ẹ́ńjìnnì Bá Dákẹ́ Lókè Oko

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ní Lomé ni ó mọ bàálù gẹ́gẹ́ bí ohun tí ń gbé èrò lọ tí ń gbé èrò bọ̀, nítorí pé pápá ọkọ̀ òfuurufú Tokoin, èyí tí wọ́n ń fi orúkọ Gnassingbé Eyadéma pè lónìí, wà láàárín ilé àti ọjà, ariwo rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí aládùúgbò gbàgbé rẹ̀ láàárọ̀ tàbí lálẹ́. Ṣùgbọ́n irú bàálù mìíràn wà tí kì í gbé èrò rárá, tí ó jẹ́ pé kìkì oògùn apakòkòrò ni ẹrù inú rẹ̀, tí awakọ̀ rẹ̀ ń dá jókòó nínú rẹ̀, tí ó sì ń fò nílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àgbẹ̀ tí ó nàró láàárín ebè lè rí ojú ẹni tí ń wà á. Ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ni púpọ̀ nínú irú bàálù bẹ́ẹ̀ ní. Àwọn baba wa ní ẹyẹ kì í fi apá kan fò, síbẹ̀ ẹ́ńjìnnì kan náà ni àwọn ọkùnrin àti obìnrin wọ̀nyí gbẹ́kẹ̀ lé, lójoojúmọ́ ayé, ní gíga tí kò ju ti òrùlé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ. Kí ni ó kù fún wọn bí ẹ́ńjìnnì náà bá dákẹ́? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò tìṣọ́ratìṣọ́ra, nítorí ó kan ẹni tí ó wà lókè, ó sì kan ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ bákan náà.

Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ ọdún 1921 ni ọ̀gágun òfuurufú Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ John Macready gbé bàálù Curtiss Jenny gba orí igbó igi catalpa kan nítòsí ìlú Troy ní ìpínlẹ̀ Ohio, tí ó sì da oògùn ẹlẹ́bú lé àwọn kòkòrò tí ń jẹ ewé igi náà lórí. Kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí àwọn olóko òwú ní gúúsù Amẹ́ríkà fi gba iṣẹ́ náà mọ́ra, nítorí kòkòrò tí ń jẹ èso òwú ti ń sọ ọlọ́rọ̀ wọn di tálákà. Lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, ọ̀ràn náà yàtọ̀. Ẹsẹ̀ ni àgbẹ̀ òwú ní Togo fi ń rìn fín oògùn tirẹ̀, ẹ̀rọ a wà lẹ́yìn rẹ̀ tàbí lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí oko rẹ̀ kéré, igi òrí àti igi irú sì dúró káàkiri inú rẹ̀ tí bàálù kò fi lè ráyè kọjá. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí bàálù lórí oko gidi, ọgbà ọ̀gẹ̀dẹ̀ ńláńlá ní Côte d'Ivoire ni kí ó lọ, níbi tí wọ́n ti ń fi í gbógun ti àrùn tí ń sọ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ di dúdú. Tàbí kí ó lọ sí òkè Nàìjíríà, ní Kebbi, Sókótó, Jigawa àti Yobe, níbi tí ìjọba àpapọ̀ ti máa ń rán bàálù sí ẹyẹ kéékèèké tí wọ́n ń pè ní quelea, èyí tí ń rọ́ wọ oko ọkà àti ìrẹsì ní ọ̀wọ́-ọ̀wọ́ tí ń sọ ọ́ di ahoro kí àgbẹ̀ tó bọ́ sí ìta.

Ti Togo fúnra rẹ̀ kì í ṣe ti oko, ti odò ni. Eṣinṣin dúdú kékeré kan wà tí ń yé ẹyin sí ibi tí omi ti ń sáré lórí àpáta. Bí ó bá ń jẹ ènìyàn, a máa gbin ọmọ aràn kan sí i lára, àwọn ọmọ tí aràn náà bá sì bí a máa rìn lábẹ́ awọ, a máa yún ni bí ẹni pé kí ènìyàn fi òkúta họ ara, ìgbà tí ó bá sì pẹ́, wọn a dé ojú, wọn a fọ́ ọ. Nítorí eṣinṣin yìí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdílé fi ṣá àfonífojì olọ́ràá tì, tí wọ́n lọ ń ro ilẹ̀ ṣíṣá lórí òkè. Ní ọdún 1974 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé, pẹ̀lú Báńkì Àgbáyé àti àwọn àjọ mìíràn ti Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè, dá ètò kan sílẹ̀ láti bá a jà. Ouagadougou ni wọ́n fi ṣe olú ibùjókòó rẹ̀. Orílẹ̀-èdè méje ni ó kọ́kọ́ wà nínú rẹ̀, Togo sì jẹ́ ọ̀kan, kí wọ́n tó di mọ́kànlá níkẹyìn. Ohun ìjà wọn ni hẹlikọ́pítà àti bàálù oníyẹ̀ẹ́ tí ń da oògùn temephos sínú odò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nítorí láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ni ìdin eṣinṣin náà ń dàgbà, bí wọ́n bá sì pa ọ̀sẹ̀ kan jẹ, ìran mìíràn ti fò jáde nìyẹn. Kara ní àríwá Togo wà lára àwọn ibùdó tí hẹlikọ́pítà ti ń gbéra. Nígbà tí iṣẹ́ náà nà dé gúúsù ní apá ìparí àwọn ọdún 1980, ó dé odò Mono àti àwọn ọmọ rẹ̀, ó kọjá ní agbègbè Atakpamé níbi tí àwọn ará Ifẹ̀, tí èdè wọn jẹ́ mọ̀lẹ́bí èdè wa, ti ń dáko láti ìran dé ìran.

Oṣù kejìlá ọdún 2002 ni ètò náà parí. Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á pé ó gba ẹgbẹ̀rún lọ́nà 600 ènìyàn lọ́wọ́ ìfọ́jú, ó sì dá ilẹ̀ tí ó tó mílíọ̀nù 25 hẹ́kítà padà fún àgbẹ̀. Ní agbada odò Oti, Kéran àti Mô ní Togo, ibi tí àrùn náà ti ya olórí kunkun, wọ́n tún fi ọdún mélòó kan kún un títí di 2007. Mo ka gbogbo èyí sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé eré ni wọ́n ń fi bàálù ṣe, nítorí ẹni tí kò bá mọ ohun tí wọ́n rà kò lè díwọ̀n iye tí wọ́n san.

Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí iṣẹ́ náà gbé awakọ̀ lọ. Eṣinṣin náà kò yan adágún tí ó tẹ́jú, kò yan pápá. Ibi tí omi ti ń fọ́n ká lórí àpáta ni ó yàn, níbi tí igbó etí odò ti bo bèbè méjèèjì, ibẹ̀ gan-an sì ni ènìyàn gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí kí oògùn tó bọ́ síbi tí ó yẹ. Ibi tí ó burú gan-an fún ìbalẹ̀ pàjáwìrì nìyí. Hẹlikọ́pítà ní ọgbọ́n tirẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì bá kú: awakọ̀ yóò dín igun apá òkè kù lójú ẹsẹ̀, ọkọ̀ náà yóò máa bọ̀ nílẹ̀, afẹ́fẹ́ tí ń gba ìsàlẹ̀ wọlé yóò sì máa yí apá náà, títí tí yóò fi ku díẹ̀ kí ó balẹ̀, tí awakọ̀ yóò ná agbára tí ó wà nínú apá tí ń yí náà tán láti fi rọra sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n yìí ń fẹ́ gíga tàbí eré, ó kéré tán ọ̀kan nínú méjèèjì. Hẹlikọ́pítà tí ó rọra ń rìn lókè àpáta odò, tí ó lọ sílẹ̀ tí kò sì sáré, kò ní ìkankan nínú wọn.

Ìṣòro mìíràn tún yọjú. Nígbà tí ìdin eṣinṣin bẹ̀rẹ̀ sí í borí temephos ní Côte d'Ivoire ní nǹkan bí ọdún 1980, wọ́n ní láti máa fi àwọn oògùn mìíràn pààrọ̀ rẹ̀, lára wọn ni Bti, èyí tí a fi kòkòrò àìfojúrí ṣe, tí kì í ṣe ẹja ní ibi rárá. Oògùn rere ni, ó sì yẹ fún ìyìn. Ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ kí a dà á púpọ̀púpọ̀ ju temephos lọ, pàápàá bí odò bá kún. Ẹrù wúwo sí i, ọkọ̀ ń lọ tí ń bọ̀ sí i, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ le sí i. Ohun tí ó dáàbò bo ẹja fi kún wàhálà awakọ̀, èyí sì jẹ́ ohun tí àwọn tí ń yin iṣẹ́ náà kì í sábà rántí láti sọ.

Ní ti bàálù oníyẹ̀ẹ́ tí ń ṣiṣẹ́ lórí oko, ẹ jẹ́ kí a dúró ti awakọ̀ náà fún ìgbà díẹ̀. Ó wà ní mítà mẹ́ta sókè ewé, ó ń sáré ju 200 kìlómítà ní wákàtí lọ, ẹ́ńjìnnì sì dákẹ́. Kò ní gíga, eré nìkan ni ọrọ̀ tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí yóò ṣe ni kí ó gbé imú bàálù sókè, kí ó fi eré ra gíga díẹ̀, kí ó fi ọwọ́ òsì fa irin tí ń ṣí ìsàlẹ̀ àpótí oògùn kí gbogbo ẹrù lè dà sílẹ̀, kí ó sì tún dorí imú kodò kí eré má bàa tán pátápátá. Gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá tí a lè fi ọwọ́ kan kà. Lẹ́yìn náà ni ó ń yan ibi tí yóò balẹ̀, ibi náà sì gbọ́dọ̀ wà níwájú rẹ̀, tàbí kí ó yà díẹ̀ sí ọ̀tún tàbí sí òsì. Ọkàn yóò máa sọ fún un pé kí ó yípadà sí pápá tí ó ti gbéra. Ohùn yẹn ti pa ènìyàn púpọ̀ jù, nítorí bàálù tí kò ní agbára, tí ó ń yípo nílẹ̀, a máa pàdánù afẹ́fẹ́ tí ń gbé apá rẹ̀, a sì máa fi apá kan gún ilẹ̀. Ẹni tí ó balẹ̀ sínú oko ẹlòmíràn níwájú rẹ̀, tí ó ṣì ń darí ọkọ̀ rẹ̀, sábà máa ń jáde fúnra rẹ̀.

Oògùn tí ó dà ńkọ́? Bàálù Air Tractor AT-802, tí ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ń gbé, lè ru nǹkan bí 3,000 lítà. Òfin Amẹ́ríkà pàṣẹ pé bí irú bàálù bẹ́ẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́ lókè ibi tí ènìyàn pọ̀ sí, ó gbọ́dọ̀ lè da ìlàjì ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 45. Èmi fara mọ́ ọn pé ẹ̀mí ṣáájú ohun gbogbo, n kò sì ní sọ fún awakọ̀ kankan pé kí ó kú nítorí ẹja. Àmọ́ àwọn àgbà wa sọ pé bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Omi odò Mono tí oògùn bọ́ sí ni ìyàwó àgbẹ̀ yóò pọn lọ́jọ́ kejì. Koríko tí ó dà sí ni ewúrẹ́ yóò jẹ. Nítorí náà, ọjọ́ tí ìdàsílẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ ni kí ọ̀rọ̀ dé etí baálẹ̀ abúlé, kí ilẹ̀ tó ṣú, pẹ̀lú orúkọ oògùn náà àti ìkìlọ̀ nípa omi. Ilé iṣẹ́ tí ó bá fi èyí pamọ́ nítorí kí a má bàa gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti ṣe ìkà. Àwọn tí ń sáré lọ gba awakọ̀ là pẹ̀lú gbọ́dọ̀ mọ̀ pé aṣọ rẹ̀ àti ara rẹ̀ lè ti rin gbingbin fún oògùn tí ń gba awọ wọlé.

Kí ni ó ń pa ẹ́ńjìnnì? Àwọn tí kò mọ̀ a máa rò pé irin ni ó ń ṣẹ́. Lóòótọ́ irin a máa ṣẹ́, Ògún alákáyé kì í sì í gbàgbé ẹni tí ó fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣeré. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, epo ni: epo tí ó tán, epo tí ó wà nínú táńkì ọ̀tún nígbà tí awakọ̀ yí ọ̀pá sí ti òsì, tàbí epo tí omi wọ̀. Ní apá ibi tiwa yìí, epo bẹntiróòlù ti bàálù ṣòro rí, nítorí epo bàálù ńlá ni pápá ọkọ̀ òfuurufú ń tà. Ẹni tí ó ń lo ẹ́ńjìnnì oníbẹntiróòlù ní láti máa kó tirẹ̀ sínú àgbá, kí ó máa gbé e kiri, àgbá tí ó sì wà nínú oòrùn lọ́sàn-án àti nínú ìrì lóru a máa bí omi sínú ara rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, kí ẹnikẹ́ni tó gun bàálù, ẹnì kan gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ apá rẹ̀ pẹ̀lú ìgò funfun, kí ó ṣí ẹnu ihò kékeré tí ó wà nísàlẹ̀ táńkì, kí ó gba díẹ̀, kí ó sì gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Bí omi bá wà, yóò sọ̀ sí ìsàlẹ̀ ìgò gẹ́gẹ́ bí ẹyin ojú, epo yóò sì léfòó lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìgò náà bá kún fún omi nìkan, kò sí ìlà kankan tí yóò fi hàn, ẹni tí ó bá sì ń kánjú yóò rò pé epo mímọ́ ni ó gbà. Ibí yìí ni aró búlúù tí wọ́n fi pa epo bẹntiróòlù bàálù tí wọ́n ń pè ní 100LL ti wúlò: bí ohun tí ó wà nínú ìgò kò bá jẹ́ búlúù, kí bàálù má gbéra.

Ó tún ku yìnyín, ohun tí ará Lomé yóò gbọ́ tí yóò fi rẹ́rìn-ín. Nínú kabúrétọ̀, ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń dàpọ̀ kí wọ́n tó wọ ẹ́ńjìnnì, epo olómi tí ń yí padà di gáàsì ń mú afẹ́fẹ́ tutù gan-an, bí afẹ́fẹ́ náà bá sì kún fún ọ̀rinrin bí tiwa ní etíkun yìí, omi inú rẹ̀ lè di yìnyín kí ó sì dí ọ̀nà mí ẹ́ńjìnnì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ooru ìta sún mọ́ ìwọ̀n 30. Òwúrọ̀ kùtù, nígbà tí afẹ́fẹ́ dákẹ́ rọ́rọ́ tí oògùn kì í fẹ́ lọ sí oko onílẹ̀ kejì, ni àkókò tí ó dára jù fún iṣẹ́ náà; òwúrọ̀ kan náà sì ni ọ̀rinrin pọ̀ jù. Nígbà ọyẹ́, ekuru ni a gbọ́dọ̀ ṣọ́.

Ohun tí mo ń bá bọ̀ nìyí: ìbalẹ̀ pàjáwìrì tí ó yọrí sí rere, orí ilẹ̀ ni wọ́n ti ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀ tán kí bàálù tó gbéra. A ń yin awakọ̀ fún ìgboyà, ó sì tọ́ sí i, ṣùgbọ́n ìgboyà kò ní àyè púpọ̀ nínú ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún. Hugh DeHaven jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin nígbà tí bàálù tí ó fi ń kọ́ iṣẹ́ já lulẹ̀ ní ọdún 1917. Ó yè é pẹ̀lú ọgbẹ́ inú, kò sì sinmi láti bèèrè ohun tí ó fà á tí òun fi yè tí ẹlòmíràn kò fi yè. Ní 1942 ó dá iṣẹ́ ìwádìí sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Cornell lórí ọ̀nà tí ara ènìyàn ń gbà fara pa nínú ìjàǹbá, láti ibẹ̀ ni ayé sì ti kọ́ pé kì í ṣe ìjábọ́ ni ó ń pa ni, bí kò ṣe irin ṣóńṣó tí orí kọlù àti ìjókòó tí ó tú. Ní ọdún 1950, Fred Weick ní Texas ya bàálù kan tí ó jẹ́ ti iṣẹ́ oko láti ìbẹ̀rẹ̀: ó gbé awakọ̀ sókè sẹ́yìn kí ó lè ríran, ó sì fi àpótí oògùn síwájú rẹ̀ kí ó máa fọ́ kí ìjàǹbá tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Púpọ̀ nínú bàálù oko tí ó wà lónìí ni ó jọ èyí.

Ìṣirò kan wà tí ó yẹ kí gbogbo awakọ̀ há sórí. Ẹni tí a fi ìgbànú dè dáadáa ní ìbàdí àti ní èjìká lè fara da ìdádúró tí ó tó ìlọ́po mẹ́sàn-án ìwúwo ara rẹ̀. Lọ́nà yìí, bàálù tí ó fi eré 80 kìlómítà ní wákàtí kan ilẹ̀ lè dúró láàárín mítà mẹ́ta, kí awakọ̀ sì jáde láàyè. Èyí tí ó fi eré 160 kan ilẹ̀ ń fẹ́ mítà mọ́kànlá. Ìlọ́po méjì eré di ìlọ́po mẹ́rin ìrìn. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ́ni pé kí awakọ̀ dojú kọ afẹ́fẹ́, kí ó balẹ̀ pẹ̀lú eré tí ó kéré jù tí bàálù ṣì lè gbà, bí kò bá sì sí ibi títẹ́jú, kí ó gba àárín igi méjì kọjá kí apá bàálù lè jẹ ìyà náà dípò ara rẹ̀.

Kí ni irú ilẹ̀ wa wá rí? Láti Atakpamé títí kọjá Sokodé lọ sí Bassar, oko iṣu pọ̀, ebè iṣu sì ga tó orúnkún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó wo ilẹ̀ náà láti òkè yóò rò pé pápá ni. Táyà bàálù yóò bọ́ sáàárín ebè méjì, imú yóò gún ilẹ̀, bàálù yóò sì da ojú dé. Oko òwú àti àgbàdo sàn díẹ̀ bí a bá bá poro lọ, kì í ṣe bí a bá dá a kọjá. Koríko tí a ti sun, ojú ọ̀nà eléruku tí kò sí ọkọ̀ lórí rẹ̀, pápá bọ́ọ̀lù ilé ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ ìsinmi: ìwọ̀nyí ni ó yẹ kí awakọ̀ ti mọ̀ ṣáájú. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Àwọn tí ó mọ wọ́n jù ni àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn, síbẹ̀ mélòó nínú iṣẹ́ báyìí ni ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kí awakọ̀ jókòó ti àwọn àgbààgbà abúlé, kí ó bi wọ́n léèrè ibi tí ilẹ̀ le, ibi tí ó rọ̀, ibi tí wọ́n ti na wáyà láìpẹ́?

Lẹ́yìn ìjàǹbá ni ìwádìí. Ọdún 1974 kan náà tí ogun eṣinṣin bẹ̀rẹ̀, ní ọjọ́ 24 oṣù kìíní, bàálù ọmọ ogun tí ó gbé Ààrẹ Eyadéma já lulẹ̀ ní Sarakawa, ní agbègbè Kara. Àwọn kan kú, Ààrẹ yè. Ìjọba ní ọwọ́ ọ̀tá wà nínú rẹ̀ nítorí ọ̀ràn fọ́sífétì, ohun àlùmọ́nì tí wọ́n ń wà ní Togo. Nígbà tí Ààrẹ padà sí Lomé ní ọjọ́ 2 oṣù kejì, ìlú tú jáde pàdé rẹ̀, wọ́n sì kọ́ ilé ìrántí sí Sarakawa. N kò wá dá ẹjọ́ ọ̀ràn ìṣèlú yẹn. Ohun tí ó ká mi lára ni pé nígbà tí ìjàǹbá bá ti di ìtàn akọni, awakọ̀ tí ń bọ̀ lẹ́yìn kò rí ẹ̀kọ́ kankan kọ́ nínú rẹ̀. Àfikún kẹtàlá sí àdéhùn Chicago, tí gbogbo orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú ẹgbẹ́ ọkọ̀ òfuurufú àgbáyé fi ń ṣèwádìí, sọ gbangba pé dídènà ìjàǹbá mìíràn ni ìdí ìwádìí, kì í ṣe dídá ẹnì kan lẹ́bi. Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Bí ìwé ìwádìí bá wà ní èdè Faransé nìkan nínú àpótí kan ní Lomé, àgbẹ̀ tí ó rí bàálù náà bí ó ti ń já, tí ó gbọ́ ìró tí ẹ́ńjìnnì ń ṣe kí ó tó kú, kò ní mọ̀ láé pé ẹ̀rí òun wúlò. Ó yẹ kí ẹnì kan lọ bá a, kí ó fi èdè Ewé, Kabiyè tàbí Ifẹ̀ bi í léèrè, kí ó sì padà wá sọ ohun tí wọ́n rí fún un.

Àwọn kan ní ọ̀ràn yìí ti ń kọjá lọ, nítorí dírónù tí ń fín oògùn ti dé ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, kò sì sí awakọ̀ nínú rẹ̀ tí yóò kú. Inú mi dùn sí i nítorí awakọ̀. Ṣùgbọ́n dírónù oníbátìrì tí agbára rẹ̀ bá tán kì í rọra lọ síwájú bí bàálù oníyẹ̀ẹ́, gbọnrangandan ni ó ń já sílẹ̀ pẹ̀lú oògùn inú rẹ̀, kò sì sí ojú ènìyàn nínú rẹ̀ tí yóò rí ọmọ tí ń bọ̀ lójú ọ̀nà oko kí ó sì fi tipátipá yà fún un. Nítorí náà, ẹni tí ó ń fún olóko ní ìwé àṣẹ dírónù ní Lomé gbọ́dọ̀ bi í léèrè, kí ó tó tẹ òǹtẹ̀ lé e: ta ni yóò wà nínú oko ní wákàtí yẹn, oògùn wo ni ó rù, ibo sì ni yóò já sí bí bátìrì bá kú?